Ṣé P₇³⁻ ń fọ́ nínú ooru ni, àbí àwọn átọ̀mù rẹ̀ ló ń pààrọ̀ àyè?

Akẹ́kọ̀ọ́Akoka béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì ni mí, Akoka ni mo wà, mo sì ń kọ ìwé àpilẹ̀kọ fún oyè ẹlẹ́ẹ̀kejì lórí àwọn áníónì oníṣùpọ̀ tí fọ́sífọ́rọ̀sì àti àwọn ẹbí rẹ̀, ìyẹn ásẹ́níìkì, áńtímọ́nì àti bísímọ́ọ̀tì, máa ń di nígbà tí wọ́n bá gba ẹlẹ́ktírọ̀nù lọ́wọ́ mẹ́tàlì bíi lítíọ̀mù tàbí pọtáṣíọ̀mù. Èyí tí mo gbájú mọ́ jù lọ nínú wọn ni P₇³⁻, ìyẹn ìṣùpọ̀ átọ̀mù fọ́sífọ́rọ̀sì méje tí ó gbé iná òdì mẹ́ta.

Àwọn alábàáṣiṣẹ́ wa kan ní Jámánì ni wọ́n pèsè Li₃P₇, tí wọ́n yọ́ ọ sínú THF (omi kẹ́míkà tí a fi ń yọ́ nǹkan), tí wọ́n dí ọpọ́n gíláàsì rẹ̀ pa, tí wọ́n sì ṣe NMR ti ³¹P fún un ní ìwọ̀n ìgbóná mẹ́ta. NMR ni àyẹ̀wò òòfà tí ń fún átọ̀mù tí ipò rẹ̀ yàtọ̀ ní àmì tirẹ̀; ppm ni a fi ń sọ ibi tí àmì náà wà. Ní −60 °C, àmì mẹ́ta ló jáde, ní nǹkan bí −57, −103 àti −162 ppm, títóbi wọn sì jẹ́ 1 sí 3 sí 3. Ní ìwọ̀n ìgbóná inú yàrá, mo wo àwòrán náà títí, n kò rí ju ìlà tí ó kàn wú díẹ̀ lọ; ẹni tí kò bá fara balẹ̀ yóò sọ pé kò sí nǹkan kan nínú ọpọ́n náà. Nígbà tí wọ́n mú un gbóná dé 50 °C, àmì kan ṣoṣo tí ó ṣe ṣóńṣó ló yọ ní nǹkan bí −120 ppm.

Níbi ìpàdé ìkẹ́kọ̀ọ́ wa ní Yaba, ẹnì kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi sọ pé ìṣùpọ̀ náà ti fọ́ bí ó ti kúrò nínú òtútù, àti pé ohun mìíràn pátápátá ló ń jẹ́ àmì kan ṣoṣo yẹn. Àlàyé náà kò tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n n kò ní ẹ̀rí tí mo lè gbé síwájú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni òtítọ́ ibẹ̀?

Ìbéèrè mi kejì nìyí. Àwọn kan ń lo THF, àwọn mìíràn ń lo omi kẹ́míkà mìíràn, ethylenediamine, pẹ̀lú cryptand tàbí 18-crown-6 (àwọn mólékù tí ń gbá íọ̀nù mẹ́tàlì mọ́ra), bẹ́ẹ̀ áníónì kan náà ni gbogbo wọn ní àwọn ń wò. Ṣé a lè fi èsì ti inú omi kan wé ti òmíràn láìṣe àfikún àlàyé? Mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá apá kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí a lè ṣe ní Èkó níbí.

Àbẹ̀kẹ́Surulere dáhùn pé:

Àbúrò, ìṣùpọ̀ náà kò fọ́. Àwọn átọ̀mù rẹ̀ ló ń pààrọ̀ àyè láàárín ara wọn, èyí sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó wù mí jù lọ nínú gbogbo kẹ́mísírì fọ́sífọ́rọ̀sì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí P₇³⁻ ṣe rí nínú kírísítà. Átọ̀mù mẹ́ta wà nísàlẹ̀ tí wọ́n so mọ́ ara wọn ní onígun mẹ́ta, bí òkúta ààrò mẹ́ta. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní ìdí 1, ìdí 2 àti ìdí 3. Láti orí ìdí kọ̀ọ̀kan ni átọ̀mù kan ti gòkè, ìyẹn afárá 1, afárá 2 àti afárá 3, àwọn afárá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì pàdé lára átọ̀mù kan ṣoṣo tí ó wà lókè, èyí tí a ó pè ní orí. Orí àti àwọn ìdí ní ìdè mẹ́ta mẹ́ta, wọn kò sì gbé iná kankan. Àwọn afárá ní ìdè méjì méjì péré, nítorí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé iná òdì kan, èyí sì ni 3⁻ tí a ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ P₇. Gbogbo ìdè inú rẹ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án. Oríṣi átọ̀mù mẹ́ta ló wà níbẹ̀: orí kan, afárá mẹ́ta, ìdí mẹ́ta. Òun gan-an ni 1 sí 3 sí 3 tí ẹ rí ní −60 °C: orí wà ní −57, àwọn afárá ní −103, àwọn ìdí ní −162.

Wàyí o, ẹ mú bébà, kí ẹ yà á, kí ẹ sì máa bá mi lọ. Ẹ já ìdè tó wà láàárín ìdí 1 àti ìdí 2. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àwọn méjèèjì di onídè méjì méjì, wọ́n sì di ẹni tí ń gbé iná òdì. Lákòókò kan náà, ẹ so afárá 1 mọ́ afárá 2. Àwọn wọ̀nyí di onídè mẹ́ta, iná òdì sì kúrò lára wọn. Ẹ wo ohun tí ẹ ní lọ́wọ́ báyìí: orí àtijọ́, afárá 1 àti afárá 2 ti di onígun mẹ́ta tuntun, ìdí 3 ti di orí tuntun, ìdí 1, ìdí 2 àti afárá 3 ló wá di afárá. P₇³⁻ náà ṣì ni, kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́ ní ìrísí tàbí ní agbára, àyàfi pé átọ̀mù tó wà lókè tẹ́lẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó wà nísàlẹ̀ sì ti gòkè. Irú ìyípadà yìí ni àwọn oníkẹ́mísírì kábọ́ọ̀nù mọ̀ sí Cope, èyí tí wọ́n máa ń fi bullvalene, mólékù kábọ́ọ̀nù kan tí àwọn átọ̀mù rẹ̀ náà ń pààrọ̀ àyè, kọ́ni.

Bí ìyípadà yìí bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, kò sí átọ̀mù kan tí kò ní dé ipò gbogbo. Ọ̀nà 5040 ni a lè gbà to átọ̀mù méje sí ipò méje, ṣùgbọ́n bí a bá yí ìṣùpọ̀ náà po lórí ara rẹ̀ nígbà mẹ́ta, ó ń padà sí bí ó ti wà, nítorí náà ètò tí ó yàtọ̀ síra gan-an jẹ́ 1680. Marianne Baudler àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Yunifásítì Cologne ló fi NMR ti ³¹P fi èyí múlẹ̀.

Ẹ̀rí tí ẹ lè gbé síwájú ẹni tí ẹ bọ̀wọ̀ fún wà nínú nọ́ńbà yín fúnra yín. Ẹ ṣírò ìpíndọ́gba: −57 lẹ́ẹ̀kan, −103 lẹ́ẹ̀mẹ́ta, −162 lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ −852, ẹ pín in sí méje, yóò fún yín ní nǹkan bí −122. Àmì tí ẹ rí ní 50 °C wà ní nǹkan bí −120. Bí ó bá jẹ́ pé ìṣùpọ̀ náà fọ́ di ohun mìíràn, kí ni yóò gbé àmì ohun mìíràn náà wá sí ojú ìpíndọ́gba mẹ́ta àkọ́kọ́? Ìyàtọ̀ kékeré tó wà láàárín −122 àti −120 kò yẹ kó yà yín lẹ́nu, nítorí pé ibi tí àmì ń wà máa ń sún díẹ̀ bí ìgbóná bá ti ń yí padà.

Ti inú yàrá, níbi tí ẹ kò ti rí nǹkan, ìgbà tí eré ìpààrọ̀ àyè àti àlàfo tó wà láàárín àwọn àmì náà bá ara wọn dọ́gba ni ó ń rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àmì á fẹ̀, wọ́n á tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n á sì wọ inú ariwo ìsàlẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti da àpòpọ̀ tó dára nù nítorí pé wọn kò rí àmì. Kí àmì máà hàn kò túmọ̀ sí pé ohun náà kò sí níbẹ̀.

BàbáOlùkọ́, Ìsàlẹ̀ Èkó, dáhùn pé:

Àlàyé Àbẹ̀kẹ́ pé, n kò ní í tún un ṣe. Èmi yóò mú ìbéèrè kejì, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí àṣìlóye láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ pé irú áníónì báyìí wà. Ní ọdún 1891 ni Joannis, ará Faransé, ti rí i pé bí sódíọ̀mù àti lẹ́ẹ̀dì bá pàdé nínú amóníà olómi, omi aláwọ̀ ewé ló máa ń dà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, Eduard Zintl ní Jámánì fi ìwọ̀n agbára iná inú amóníà olómi ṣírò iye átọ̀mù àti iye iná òdì tó wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn ti áńtímọ́nì àti bísímọ́ọ̀tì náà wà nínú rẹ̀. Ohun tí kò rọrùn ni kí a rí wọn bí wọ́n ṣe rí gan-an, nítorí pé bí omi náà bá ti ń gbẹ, mẹ́tàlì tí ó fún ìṣùpọ̀ ní ẹlẹ́ktírọ̀nù máa ń gbà á padà, gbogbo rẹ̀ á sì di àdàlù mẹ́tàlì lásán. John Corbett ní Iowa, Amẹ́ríkà, ni ó mú cryptand wọ inú iṣẹ́ yìí ní àwọn ọdún 1970. Cryptand á gbá íọ̀nù pọtáṣíọ̀mù tàbí sódíọ̀mù mọ́ inú, kò ní í jẹ́ kó súnmọ́ áníónì débi tí yóò fi gba ẹlẹ́ktírọ̀nù rẹ̀ padà. Bẹ́ẹ̀ ni Corbett ṣe rí kírísítà Sb₇³⁻ ní 1976, àti ti Bi₄²⁻ tí ó tẹ́ ní onígun mẹ́rin ní 1977.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta kì í yà kúrò lára ara wọn nínú iṣẹ́ yìí: áníónì, íọ̀nù mẹ́tàlì tí ó bá a rìn, àti omi tí a fi yọ́ wọn. Lítíọ̀mù kéré, ó sì fẹ́ràn kí ó dúró ti àwọn afárá tí ń gbé iná òdì. Nínú kírísítà Li₃P₇ tí TMEDA (mólékù kan tí ń so mọ́ lítíọ̀mù) wà lára rẹ̀, lítíọ̀mù kọ̀ọ̀kan dúró láàárín afárá méjì. THF yọ́ irú rẹ̀ dáadáa. Iyọ̀ pọtáṣíọ̀mù kì í fẹ́ yọ́ nínú THF, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé e lọ sínú ethylenediamine, amóníà olómi tàbí DMF, tí wọ́n sì ń fi crown tàbí cryptand kún un.

Ẹ wo ohun tí èyí ṣe sí ìbéèrè yín. Kí ethylenediamine tó tutù dé 0 °C ni ó ti dì. Ẹni tí ó bá yọ́ K₃P₇ sínú rẹ̀ kò lè dé −60 °C láéláé láti rí àmì mẹ́ta tó ṣe ṣóńṣó. Amóníà ní tirẹ̀ ń hó ní −33 °C, tí ẹ bá sì fẹ́ wò ó nínú ooru, ọpọ́n tí ó lè gba ìtẹ̀ ńlá ni ẹ ó lò. Omi tí ènìyàn yàn ti pinnu apá ibi tí yóò rí nínú ọ̀rọ̀ náà, kí ó tó tan ẹ̀rọ rárá. Bí ẹ bá wá ń fi èsì méjì wé ara wọn, kí ẹ kọ orúkọ omi, irú íọ̀nù mẹ́tàlì àti ìwọ̀n ìgbóná sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ń wé ohun tí kò bá ara wọn dọ́gba.

ỌmọÈbútéMẹ́ta dáhùn pé:

Mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀yin àgbà sọ. Àmọ́ mo fẹ́ bẹ àbúrò wa kí ó má ṣe gbé ìwà P₇³⁻ lé gbogbo ẹbí náà lórí, nítorí pé mo ti rí àpilẹ̀kọ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

P₁₁³⁻ ni àpẹẹrẹ tí ó yé ènìyàn jù. Òun náà gbé iná òdì mẹ́ta lórí afárá mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò sí onígun mẹ́ta kankan nínú rẹ̀. Onígun márùn-ún ni gbogbo òrùka inú rẹ̀. Ìdè onígun mẹ́ta, tí ó ti wà nínú ìnira tẹ́lẹ̀, ni ó ń já nínú P₇³⁻ kí ìpààrọ̀ àyè tó lè ṣẹlẹ̀. Níbi tí kò bá sí, átọ̀mù á dúró sí ipò rẹ̀, àmì P₁₁³⁻ kì í sì í para pọ̀ di ẹyọ kan bí ti P₇³⁻. Bákan náà, bí ẹ bá mú P₇³⁻ fúnra rẹ̀ tí ẹ fi SiMe₃ (ìdìpọ̀ átọ̀mù tí sílíkọ́ọ̀nù wà láàárín rẹ̀) mẹ́ta dí àwọn afárá rẹ̀, (Me₃Si)₃P₇ tí ẹ ó rí yóò yọ́ nínú hexane, yóò sì dúró gbọn-in, nítorí pé afárá kọ̀ọ̀kan ti ní ìdè mẹ́ta. Iná òdì tí ó ń rìn kiri ti tán.

Ti ásẹ́níìkì, áńtímọ́nì àti bísímọ́ọ̀tì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo fọ́sífọ́rọ̀sì tó wà láyé ni ³¹P, NMR rẹ̀ sì mọ́ kedere. Àwọn mẹ́ta yòókù kò ní irú oore yẹn. Àmì wọn máa ń fẹ̀ jù láti kà. As₇³⁻ rí bíi P₇³⁻ nínú kírísítà, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ṣe nínú omi, kírísítà kò lè sọ ọ́ fún wa.

Ìkìlọ̀ mi kejì jẹ́ nípa prótọ́ọ̀nù. Omi lásán, ọtí, tàbí iyọ̀ amóníọ̀mù lè fi prótọ́ọ̀nù kan lé P₇³⁻ lórí kí ó di HP₇²⁻, èyí tí ó ní ìwà tirẹ̀. Bí prótọ́ọ̀nù bá sì ń wọlé sí i, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí rí PH₃. Àbúrò, ṣé wọ́n dá ọpọ́n náà padà sí −60 °C lẹ́yìn tí wọ́n mú un gbóná tán? Ṣé àmì mìíràn wà ní ibì kan tí ẹ kò mẹ́nu kàn? PH₃ á wà ní nǹkan bí −240 ppm, fọ́sífọ́rọ̀sì funfun, P₄, á sì wà ní nǹkan bí −520.

Akẹ́kọ̀ọ́Akoka dáhùn pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin Bàbá náà, mo dúpẹ́. Mo ti ya ìdè náà sórí bébà bí Ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀kẹ́ ti wí, ó sì jáde gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe NMR náà. Wọ́n ní àwọn dá ọpọ́n náà padà sínú òtútù, àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì padà wá bí wọ́n ṣe tóbi tẹ́lẹ̀. Kò sí nǹkan kan ní −240 tàbí −520. Ṣùgbọ́n àmì kékeré kan wà tí ó ṣe ṣóńṣó ní 470 ppm, tí kì í yí padà, yálà nínú òtútù tàbí nínú ooru. Mo ti rò pé àṣìṣe ẹ̀rọ ni. Wọ́n ní P₄ àti LiPH₂ ni àwọn fi pèsè Li₃P₇ náà nínú THF.

Àbẹ̀kẹ́Surulere dáhùn pé:

Kì í ṣe àṣìṣe ẹ̀rọ o! P₅⁻ nìyẹn, òrùka pẹrẹsẹ oníátọ̀mù márùn-ún. Baudler àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i ní 1987, láti ara P₄ àti LiPH₂ gan-an, ìyẹn ọ̀nà tí àwọn alábàáṣiṣẹ́ yín gbà. Átọ̀mù márààrún inú rẹ̀ dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà àmì kan ṣoṣo ni yóò máa ní nínú òtútù àti nínú ooru, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń pààrọ̀ àyè. Ẹ wá ní àmì kan ṣoṣo méjì nínú ọpọ́n kan, tí ohun tó fà wọ́n yàtọ̀ síra pátápátá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sínú àpilẹ̀kọ yín, nítorí pé kò sí bí ẹ ṣe lè ṣàlàyé P₇³⁻ tí yóò yé ènìyàn ju kí ẹ gbé P₅⁻ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ.

Pípadà tí àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà wá sì ti parí ọ̀rọ̀ nípa fífọ́. Ohun tí ó bá fọ́ di PH₃ kì í padà di P₇³⁻ nítorí pé a gbé e sínú òtútù.

BàbáOlùkọ́, Ìsàlẹ̀ Èkó, dáhùn pé:

Ó ku ìbéèrè kẹta, mo sì fẹ́ sọ ọ́ láìfi bò, nítorí ẹ̀mí yín ju oyè lọ.

Ẹ má ṣe gbìyànjú láti pèsè àwọn nǹkan wọ̀nyí níbi tí kò bá sí glovebox, àpótí oníbọ̀wọ́ tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀, tí ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Fọ́sífọ́rọ̀sì pupa, irú èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí ìṣáná, kò le, ó sì lè wà ní ọjà kẹ́míkà ní Ojota. Ti funfun ni ewu wà lára rẹ̀: ní nǹkan bí 30 °C ni ó ń gbiná fúnra rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, ọ̀sán Èkó lásán sì ń kọjá ìyẹn. Atẹ́gùn wa lọ́rinrin láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ọ̀rinrin yẹn ni prótọ́ọ̀nù tí ỌmọÈbútéMẹ́ta ń sọ, PH₃ tí ó ń mú jáde sì lóró débi pé 0.3 ppm péré (níbí, ìdá 0.3 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́) ni ààlà tí òfin Amẹ́ríkà gbà fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ. Ágọ́ọ̀nù tí wọ́n ń tà fún àwọn wẹ́dà kò mọ́ tó fún iṣẹ́ yìí láìsí pé a tún un sẹ́. Bí iná bá lọ lóru tí jẹnẹrétọ̀ kò sì tètè gbé e, afẹ́fẹ́ á ti wọlé kí ilẹ̀ tó mọ́.

Àmọ́ ohun tí ẹ lè ṣe níbí pọ̀, ó sì ní iyì. Àwọn dátà NMR yín ti wà lọ́wọ́. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín wò ó ní ìwọ̀n ìgbóná mìíràn láàárín −60 àti 50 °C, kí ẹ fi ètò kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé bí àwọn àmì ṣe ń fẹ̀, kí ẹ sì ti ara rẹ̀ ṣírò bí ìpààrọ̀ àyè ṣe ń yára sí. Lẹ́yìn náà, ẹ lo ORCA, ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò kẹ́mísírì, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn onímọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, láti ṣírò agbára tí ìṣùpọ̀ náà ní láti gun kí ìdè ìdí 1 àti ìdí 2 tó já. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó lágbára díẹ̀ tó fún átọ̀mù méje.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ má ṣe ṣírò P₇³⁻ ní ìhòòhò, bí ẹni pé ó dá wà nínú òfìfo. Iná òdì mẹ́ta lórí ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ á máa ti ara wọn, kọ̀ǹpútà á sì fún yín ní ẹlẹ́ktírọ̀nù tí kò so mọ́ ohunkóhun, nọ́ńbà á jáde ṣùgbọ́n kò ní í nítumọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi lítíọ̀mù mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ àwọn afárá bí wọ́n ṣe wà nínú kírísítà, kí ẹ fi THF yí i ká, kí ẹ wá yọ lítíọ̀mù kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wo bí gíga tí ó ní láti gun ṣe ń yí padà. Bí ẹ bá rí èsì àkọ́kọ́, ẹ gbé e wá síbí, mo fẹ́ rí i.